Okùn Tí Ìyá Olówùú Fi Òwú So

Láti Dásà títí dé Aklampa, ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ní etí ta ni ọ̀gá gìtá básì. Kò ní ronú kó tó dáhùn. Èmi ni. Ìgbéraga kọ́, bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ni mo ń sọ. Gìtá olókùn mẹ́rin ni básì, ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, débi pé ẹni tó ń jó kì í mọ̀ pé ohùn náà ló ń gbé ẹsẹ̀ òun sókè. Nígbà tí mo ra tèmi lọ́wọ́ atukọ̀ ojú omi kan ní Kútọnu, lẹ́yìn tí a gba òmìnira, kò sí ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀ ní gbogbo àárín òkè wa. Ọdún méjì péré ni mo fi jókòó níwájú àwọn Fadá ní ilé ìwé, síbẹ̀ èmi fúnra mi ni mo ń kọ èyí, ẹnikẹ́ni kò bá mi di gègé mú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀. Ìyá àgbà mi ni, ìyá tó bí ìyá mi, ẹni tí gbogbo Soclogbo ń pè ní Ìyá Olówùú. Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá la sin ín. Òun ló tọ́ mi dàgbà nígbà tí ìyá mi kú, tí mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń so ṣòkòtò. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè lọ́wọ́ mi láyé rẹ̀: kí n fi gìtá mi ta orin kan kí òun gbọ́ ọ tán. Mo fi ọwọ́ mi ba nǹkan náà jẹ́. Ẹnu ni mo wá fi bà á jẹ́ jù, níwájú ènìyàn. Àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́ ohun tí mo sọ, wọn ò tíì gbọ́ gbogbo òtítọ́ rẹ̀. Torí tiwọn ni mo ṣe mú gègé.

Òwú ríran ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá dé ilé wa, ẹ ó bá a lórí ẹní, ó fẹ̀yìn ti àpáta tó wà lẹ́yìn ilé, ẹfun tó ń jẹ́ kí òwú yọ̀ ti kun àwọn ìka rẹ̀, ìrànwú ń yí nínú àfọ́kù igbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan rẹ̀. Kì í wo òwú náà. Ó lè máa bá ẹ jà, kó máa ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìgbà tí o ti wà lọ́mọdé, òwú yóò sì máa jáde lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní tóbi níbì kan, kò ní tín-ín-rín níbì kan. Kò sí aṣọ tó lè kọjá níwájú rẹ̀ kó má fi àtàǹpàkò pa á wò. Bí àlejò bá kí i, kó tó dáhùn, ó ti di etí aṣọ àlejò mú.

Ó ṣe é fún Fadá pàápàá. Ọjọ́ Àìkú kan, a tò láti gba Ara Olúwa. Ó kàn án, Fadá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ sí i. Ìyá àgbà mi kò la ẹnu. Etí aṣọ Fadá, níbi ọrùn ọwọ́, ló dì mú. Òwú kan ti yọ níbẹ̀, ó ń fì. Ó ká òwú náà mọ́ ìka, ó ta á ní kókó, lẹ́yìn náà ló wá fi eyín já èyí tó ṣẹ́kù. Ìgbà tó ṣe tán ló la ẹnu. Gbogbo ìlà dúró dè é. Nígbà tí Misa parí, Fadá pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ìyá, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Nínú ilé Ọlọ́run?”

“Fadá, ẹ má bínú,” ó ní. “Ọlọ́run lè dúró dè mí. Aṣọ tó bá ti ń tú kì í dúró de ẹnikẹ́ni.”

Ẹ ṣàkíyèsí pé ó so ó kó tó já a. Òfin rẹ̀ nìyẹn, kò sí ọmọbìnrin tó kọ́ òwú ríran lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò gbọ́ ọ títí tó fi sú u. Inú lílọ́ tí a lọ́ òwú ni agbára rẹ̀ wà. Bí o bá gé e láìso ó, lílọ́ náà á sá jáde bí èémí ṣe ń jáde lára ẹni, o ò sì ní rí ìgbà tó lọ. Bí èmi náà bá ń já okùn ewúrẹ́ nígbà tí mo wà ní kékeré, á pariwo láti orí ẹní: “So ó kí o tó gé e. Okùn tí a gé láìso ti kú, bó ṣe wù kó gùn tó.”

Òun àti Sálífù kì í gbọ́ ara wọn yé. Sálífù ní ìsọ̀ ní ọjà Dásà, níhà ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró. Ó ń ta tọ́ọ̀ṣì àti ìgò àtùpà, ó ń ra òwú Ìyá àgbà mi fún àwọn ahunṣọ, òun náà ló sì ń bá mi mú okùn gìtá wá láti Kútọnu. Kò sí ọjọ́ ọjà tí wọn kì í jà. Nígbà kan ó mú òwú òyìnbó kan wá fi hàn án.

“Ìyá, ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rọ ló ran èyí láti àárọ̀ títí dé alẹ́, kò rẹ̀ ẹ́.”

Ìyá àgbà mi fa òwú náà lẹ́ẹ̀kan. Ó já.

“Òótọ́ lo sọ, Sálífù. Kò rẹ ẹ̀rọ. Òwú ló ti rẹ̀.”

Bí òun àti Sálífù ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí Sálífù kò bá wá lọ́jọ́ kan, òun náà ló máa ń béèrè pé ṣé ara rẹ̀ le.

Etí Ìyá àgbà mi lọ díẹ̀díẹ̀. Ohùn àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà igbe òròmọdìẹ, lẹ́yìn náà ohùn Tẹrẹ́sà ìyàwó mi, tó jẹ́ pé ohùn tín-ín-rín ló ní. Nígbà tó yá, agogo ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá lọ. Ohùn tó bá wà nísàlẹ̀ nìkan ló kù fún un: àrá, odó, ọlọ. Ó máa ń fi ẹsẹ̀ lásán lé àpáta, á sọ fún wa pé ọkọ̀ ojú irin ti ń bọ̀. A ó rẹ́rìn-ín. Kò ní pẹ́ tí a ó fi gbọ́ fèrè rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Mo bi í bó ṣe ń mọ̀ ọ́n.

“Etí mi ló darúgbó,” ó ní. “Ẹsẹ̀ mi ṣì jẹ́ ọmọge.”

Lọ́jọ́ tí mo gbé básì dé láti Kútọnu, gbogbo ilé yí mi ká. Ẹ mọ̀ pé gìtá oníná kì í dún lásán. Àfi kí wọ́n fi wáyà so ó mọ́ àńpílì, ìyẹn àpótí tó ń sọ ohùn rẹ̀ di ńlá, kí ẹ̀rọ amúnáwá sì wà tí yóò máa fún àpótí náà ní iná. Ilé ọtí tí a ti ń ṣeré ní Dásà ni ìyẹn wà. Nílé, bí mo ti ń fa okùn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nǹkan gidi. Wọ́n ń tú ká. Ìyá àgbà mi rọra sún mọ́ mi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ikùn gìtá. Ó tẹ orí ba, ó fi àgbọ̀n lé igi rẹ̀. Mo fa okùn tó tóbi jù. Ó di ojú.

“Ọkọ mi, ó sọ̀rọ̀.” Bẹ́ẹ̀ ló máa ń pè mí, ọkọ mi. “Gbólóhùn kan ni mo gbọ́ yẹn. Mo fẹ́ gbọ́ odidi orin.”

“Orin wo?”

“Èyí tí ìyá rẹ máa ń kọ sídìí ọlọ.”

Orin náà kò ní orúkọ. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n lẹ́yìn èmi àti òun. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́ iṣẹ́ gìtá yìí dáadáa ná, èmi yóò gbé àńpílì àti ẹ̀rọ amúnáwá gòkè wá sílé, tí yóò fi ọwọ́ lé e, tí yóò gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀. Mo ṣe ìlérí. Ṣùgbọ́n àwọn okùn tó wà lára rẹ̀ ti gbó, kò pẹ́ tí èyí tó tóbi jù nínú wọn fi já. Mo ní kí Sálífù bá mi wá òmíràn.

Ó mú oríṣi méjì wá, ó gbé e wá sílé wa gan-an, torí ó fẹ́ gba òwú Ìyá àgbà mi lọ. Oríṣi kìíní nípọn, ó jọ̀lọ̀ bí ẹ̀yìn ejò, wọ́n sì fi òwú aláwọ̀ ewé wé ìdí okùn kọ̀ọ̀kan. Oríṣi kejì rí hárahàra, irin wẹ́ẹ́rẹ́ ló yí i ká, ó ń dán, kò sí òwú kankan ní ìdí rẹ̀. Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ Kútọnu tí wọ́n ń lo hárahàra yẹn. Ohùn rẹ̀ máa ń tàn. Ojú mi ti wọ̀ ọ́ kí Sálífù tó tú ìdì.

Ìyá àgbà mi na ọwọ́. Ó gba èyí tó jọ̀lọ̀, ó fi àtàǹpàkò tọ̀ ọ́ láti orí dé ìdí. Nígbà tó kan òwú aláwọ̀ ewé, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹni tó ṣe èyí mọ òwú. Ẹ wò ó, ó so ó. Sálífù, ta ni í?”

“Òyìnbó ni, Ìyá.”

“Òyìnbó yìí ní ìyá.” Ó gba hárahàra, kò pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Èyí, wọ́n kàn lọ́ ọ ni, wọ́n sá lọ. Ọkọ mi, mú jọ̀lọ̀.”

“Ìyá Àgbà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n gìtá kì í ṣe aṣọ.”

“Kí ni ìyàtọ̀ wọn? Ohun tí a lọ́ ni méjèèjì.”

Sálífù ń wo ilẹ̀. Mo mú hárahàra, mo ní èyí ni tèmi. Mo ní kó dá jọ̀lọ̀ rẹ̀ padà, kó lọ fi so ewúrẹ́. Ìyá àgbà mi kò bínú. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n má gé okùn náà ní nínà. Kí n kọ́kọ́ ká orí rẹ̀ kò, kí n so ó, kí n tó gé e.

Mo bi í pé nínú àwa méjèèjì, ta ló ń ta básì.

“Ìwọ ni, ọkọ mi,” ó ní, ó sì mú ìrànwú rẹ̀. “Èmi kàn mọ okùn ni.”

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo gé e. Okùn wọ̀nyẹn gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ó di dandan kéèyàn gé orí wọn kó tó lè wọ etí gìtá, ìyẹn àwọn irin kéékèèké tí a fi ń fa okùn le. Mẹ́ta tó tín-ín-rín, mo ti ki wọ́n bọ etí gìtá, mo ti ká wọn, kí n tó rántí ẹ̀mú tí n ó fi gé wọn. Èyí tó tóbi jù, ó le, ó ń bá mi jà, mo sì ń kánjú. Mo nà án gbọọrọ lórí ilẹ̀, mo fi ẹ̀mú gé e. Bó ṣe já báyìí, mo mọ̀ ọ́n lára pé irin tó yí i ká rìn díẹ̀ lábẹ́ ìka mi, bí èèrà ṣe ń rìn, ó sì dúró. Ojú kò rí nǹkan kan. Mo fi í sí ipò rẹ̀. Nígbà tí mo fa á, kò dún bí okùn. Ó dún bí ìgbà tí wọ́n ju àpò ẹ̀wà sílẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé tuntun ni, pé ohùn rẹ̀ yóò là.

Kò là. Ṣùgbọ́n mo ti kéde ọjọ́ tí n ó ta orin náà nílé.

Ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn iṣu tuntun ni. Mo fi ọmọlanke gbé ẹ̀rọ amúnáwá àti àńpílì gòkè wá sí Soclogbo, ẹ̀mí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Abúlé kún àgbàlá wa, àwọn kan gun orí àpáta. Ìyá àgbà mi wọ aṣọ tó ran òwú rẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n gbé àga rẹ̀ tì mí. Ó ti fọ ẹfun kúrò lọ́wọ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ikùn gìtá, ó di ojú. Mo bẹ̀rẹ̀ orin ìyá mi.

Ó dúró. Ó dúró títí.

“Ọkọ mi, bẹ̀rẹ̀.”

“Mo ti bẹ̀rẹ̀, Ìyá Àgbà.”

Ó yí orí díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń wá ibi tí òwú ti fẹ́ já. “Mo ń gbọ́ àwọn kéékèèké. Èyí tó tóbi kò sọ nǹkan kan. Okùn yìí ti kú. Ṣé o so ó kí o tó gé e?”

Adití kì í mọ̀ bí ohùn òun ṣe ń ròkè tó. Gbogbo àgbàlá ló gbọ́. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lórí àpáta, òmíràn sì gbà á. Èmi tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá láti Dásà dé Aklampa, arúgbó kan ń bi mí léèrè níta gbangba bíi pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń so ewúrẹ́. Mo fi ẹnu sí etí rẹ̀, mo pariwo kí ó lè gbọ́, kí àwọn yòókù náà sì lè gbọ́:

“Etí yín ló kú, Ìyá Àgbà! Okùn kò kú.”

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn kò gùn. Ìyá àgbà mi gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára gìtá, ọ̀tún lákọ̀ọ́kọ́, òsì tẹ̀ lé e. Ó tẹ́ wọn sórí itan rẹ̀, ó wò wọ́n.

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀,” ó ní.

Tẹrẹ́sà ló mú un wọlé. Mo sì ta gìtá títí oòrùn fi wọ̀, àwọn ènìyàn jó. Mo mọ̀. Èmi tí etí mi dá ṣáká, mo gbọ́ òkú okùn yẹn ní gbogbo ìgbà tí mo fọwọ́ kàn án.

Ìyá àgbà mi kò sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ó ń kí mi, ó ń fi oúnjẹ pamọ́ fún mi, ó ń bá mi jà nípa oko bí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé gìtá kúrò lára ògiri, á kó ìrànwú àti àfọ́kù igbá rẹ̀, á lọ jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kejì àpáta. Tẹrẹ́sà wò mí títí.

“Bàbá Lusíà, ẹ lọ bẹ̀ wọ́n.”

“Kí ni mo ṣe?”

“Ẹ mọ̀ ọ́n.”

Mo mọ̀ ọ́n. Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ pé ọ̀la. Ohun tí mo ń rò ni pé kí n kọ́kọ́ rí okùn mìíràn ní ìkọ̀kọ̀, kí n pààrọ̀ rẹ̀, kí n wá pè é bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ta ni mo ti fẹ́ rí i? Mo ti sọ nílé ọtí pé okùn burúkú ni Sálífù tà fún mi, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé etí rẹ̀. Bí mo bá kọjá níwájú ìsọ̀ rẹ̀, tọ́ọ̀ṣì ló máa ń nù. Báyìí ni mo ṣe fi okùn mẹ́ta ṣeré títí ọyẹ́ fi dé, tí mò ń yẹra fún ẹ̀kẹrin bí ẹni tó jẹ̀bi ṣe ń yẹra fún ọ̀nà ààfin.

Ikọ́ ló mú Ìyá àgbà mi, ọjọ́ mẹ́rin péré. Ní ọjọ́ kẹta, mo jókòó tì í. Ó na ọwọ́, ó wá etí aṣọ mi, ó fi àtàǹpàkò tọ̀ ọ́ yíká. Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, ó ti dé orí ahọ́n. Ẹnì kan gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé, mo sún sẹ́yìn kí ó lè ráyè, mo pa ẹnu dé.

“Aṣọ rẹ kò tú,” ó ní. “Ó dáa bẹ́ẹ̀.”

Ó kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin.

Nígbà tí a sin ín tán, Tẹrẹ́sà ń kó ẹrù rẹ̀ jọ. Ó gbé igbá òwú rẹ̀ wá bá mi. Lábẹ́ òwú funfun, okùn kan wà níbẹ̀, ó ká bí ejò tó sùn. Jọ̀lọ̀ ni. Èyí tó tóbi jù nínú jọ̀lọ̀ tí mo ní kí Sálífù lọ fi so ewúrẹ́. Òwú aláwọ̀ ewé wà ní ìdí rẹ̀ bí òyìnbó ṣe wé e. Ní apá kejì, níbi tó ku díẹ̀ kó dé orí, òwú mìíràn wà níbẹ̀, funfun, wọ́n wé e pinpin, wọ́n sì ta á ní kókó. Òwú Ìyá àgbà mi ni. Mo gbé gìtá, mo tẹ́ okùn náà lé e láti ìdí lọ sókè. Òwú funfun náà bọ́ sí ibi tó kọjá etí gìtá ní ìwọ̀n ìka mélòó kan. Ibi tó yẹ kéèyàn ti ká a kò gan-an nìyẹn.

“Ìgbà tẹ́ ẹ bá wà lóko ni,” Tẹrẹ́sà ní. “Wọ́n á dìde, wọ́n á fi apá mú ìwọ̀n gìtá yẹn lára ògiri. Wọ́n ní kí n má sọ.”

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Dásà. Lọ́tẹ̀ yìí, Sálífù kò nu tọ́ọ̀ṣì. Ó kí mi kú ara fẹ́ra kù, ó gbé àpótí kan fún mi jókòó.

“Òwú ọjọ́ ọjà mẹ́ta ni wọ́n fi gba okùn yẹn lọ́wọ́ mi,” ó ní. “Mo ní, Ìyá, ẹ kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ. Wọ́n ní rárá, wọ́n ní mẹ́ta tó wà lára rẹ̀ yè, ọ̀kan ló kú. Mo wá bi wọ́n léèrè, ọjọ́ wo ni ẹ ó fún un?”

“Kí ni wọ́n sọ?”

Ó sún ìgò àtùpà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Wọ́n ní, ọjọ́ tó bá béèrè.”

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Sálífù níbẹ̀, níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó rọrùn ju bí mo ti rò lọ. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́ tí a ṣe Misa ìrántí rẹ̀, mo tún ti ọmọlanke gòkè. Mo ti ká okùn náà kò níbi òwú funfun, mo ti so ó, mo sì gé e lẹ́yìn náà. Àwọn ènìyàn ọjọ́ yẹn náà ló pé jọ, àwọn tó rẹ́rìn-ín wà lórí àpáta. Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo dìde. Mo ní lọ́jọ́ tí mo ta gìtá níbí, okùn ló kú. Èmi ni mo pa á, mo gé e láìso, Ìyá àgbà mi sì ti kìlọ̀ fún mi. Mo ní etí Ìyá Olówùú yè. Ó yè ju ti gbogbo yín lọ, ẹ ń jó, ẹ ò mọ̀. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

Mo wá ta orin ìyá mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo tẹ orí ba, mo fi àgbọ̀n lé igi gìtá bí òun ti ṣe, mo sì gbọ́ ọ nínú eyín mi, nínú egungun. Odidi orin ni. Gbogbo Soclogbo ló gbọ́ ọ, àfi ẹni tó béèrè fún un.

Mo ṣì ń ṣeré nílé ọtí. Èmi ṣì ni ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ṣùgbọ́n òwú funfun yẹn ṣì wà ní etí gìtá mi, ó ti dúdú díẹ̀ báyìí. Nígbà mìíràn ẹnì kan nínú àwọn òṣèré wa á na ọwọ́ sí i. Á ní, “Ọ̀gá, òwú kan lẹ̀ mọ́ gìtá yín, ẹ jẹ́ kí n já a.”

Mo máa ń gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

“Fi sílẹ̀. Ọ̀gá mi ló so ó.”